Obìnrin Tó Ń Gbálẹ̀ Níwájú Bàbá Ẹlẹ́yẹ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2025, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ géètì ilẹ̀ àbàtà tó wà láàárín ìlú. Mo lọ kà á fúnra mi, mo sì ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, agbálẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wà lórí afárá pákó nígbà tí àlejò bá wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kò sí ẹni tó dúró kà á. Àwọn tó wá wo ẹyẹ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kọjá. Èmi náà ì bá kọjá, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ló gbé mi wá. Olóòtú wa ló gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri inú àbàtà náà ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ti dákẹ́. Inú olóòtú dùn. Ó ti kọ àkọlé sílẹ̀ kó tó rán mi: "Ẹyẹ Ìlú Ti Yadi". Ó kù kí n lọ wá ìròyìn tí yóò bá àkọlé náà mu.

Mo gbọ́ ariwo ẹyẹ kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Àbàtà náà kò tóbi. Ilé alájà ló yí i ká ní apá mẹ́ta, àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe wà ní apá kẹrin, ìró òòlù wọn kì í sì í dá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láàárín rẹ̀ ni omi dúdú wà, òṣíbàtà bò ó, eèsún tó ga ju ènìyàn lọ wà létí rẹ̀. Afárá pákó tóóró kan gba inú eèsún yìí kọjá lọ sí pèpéle kan tó kọjú sí àwọn igi ńláńlá tí àdán ń sùn sí. Lọ́sàn-án, àwọn àdán náà so rọ̀ lára ẹ̀ka bí àkísà dúdú tí ẹnì kan sá tó gbàgbé láti ká.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin tó ń mú wa kiri. Ó ga, ó rù, ó dé àkẹtẹ̀. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lọ́rùn rẹ̀, okùn awò náà ti já rí, òwú ni wọ́n fi rán an pọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló sọ fún wa. "Ẹ má pariwo, ẹ má da nǹkan sómi. Ẹ má sì bi mí bóyá ọ̀nì ń gbé níbí. Tó bá ń gbé níbí, ṣé èmi máa wà níbí?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. A tẹ̀ lé e. Níwájú rẹ̀, ní ibi tó jìnnà díẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí pákó. Ó kúrú, ó wọ bàtà rọ́bà àti aṣọ iṣẹ́, ó fi aṣọ kan di orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Kò bojú wẹ̀yìn rárá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò dúró, yóò na ìgbálẹ̀ onígi gígùn ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń sinmi lé e, yóò tún máa gbálẹ̀ lọ. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́.

Nígbàkígbà tó bá ti na ìgbálẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́yẹ á gbé awò sójú. "Ẹ wo ọwọ́ òsì, lẹ́yìn eèsún tó tẹ̀ yẹn. Ẹ rí i? Kékeré aláwọ̀ búlúù. Apẹja ni." Ojú rẹ̀ mú. Bí ẹyẹ bá ti wà níbi tó kọjú sí, kò sí bí yóò ṣe sá pa mọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ló súfèé. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn rí. Ohùn tínrín kan tó mú bí abẹ́rẹ́ ni, ó já lẹ́ẹ̀mejì, ó gùn lẹ́ẹ̀kẹta. Kó tó pa ẹnu dé, ẹyẹ náà ti dá a lóhùn láti inú eèsún, bákan náà gẹ́lẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ dúró díẹ̀, ó mi orí. "Ẹ ò rí i? Tẹ́lẹ̀, wọn a máa dá mi lóhùn. Wọn ò dáhùn mọ́. Ariwo ìlú ti há wọn lọ́fun."

Ẹyẹ náà tún ké. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká ní, "Bàbá yìí, aláwàdà gidi ni!" Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́yẹ rí i pé à ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Èmi rò pé irọ́ ló ń pa, torí kí àwọn oníwèé ìròyìn lè wá. A ti rí irú wọn rí. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọkùnrin kan ní yunifásítì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka ẹyẹ inú àbàtà náà. "Ẹyẹ ò dín," ló sọ. "Ariwo wọn gan-an ò dín, ẹ̀gà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi. Ta ló sọ pé wọ́n dákẹ́?"

Nítorí náà ni mo ṣe padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni mò ń wò. Kó tó na ìgbálẹ̀, ẹyẹ á ti kọ́kọ́ ké, apá ibi tí igbe náà bá sì ti wá ni yóò nà án sí. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Ẹlẹ́yẹ kò sì wo apá kankan fúnra rẹ̀ rí àyàfi tí ìgbálẹ̀ bá ti kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Mo bá obìnrin náà nínú yàrá irinṣẹ́ lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ. Ó jókòó lórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ìyá Onígbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá."

"Òo. Ìwọ lo tún padà wá? Ṣé ẹyẹ ò sí ládùúgbò yín ni?"

"Ìwé ìròyìn ni mo ti wá, mà."

"Ìwé ìròyìn wo?"

Mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó ronú díẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Òun la fi ń nu gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì. Ó dára, kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀."

Mo dúpẹ́. Mo bi í léèrè ìdí tó fi máa ń na ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ewé ni mò ń gbá."

"Kò sí ewé lójú omi, màmá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ orúnkún rẹ̀, ó tún un dì, ó fà á le. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kó rí bẹ́ẹ̀."

Ohun tó sọ fún mi nìyí. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn ògiri àbàtà yìí gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn tó ń lu ara mọ́tò tó bá tẹ̀ wọnú kó lè padà gún. Tí wọ́n bá dáwọ́ dúró jẹun lọ́sàn-án, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré káàdì, òun á fo ògiri wá jókòó sínú eèsún. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni orí òun ti ń fúyẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ láti máa sín àwọn ẹyẹ jẹ. Nígbà tí ìjọba sọ àbàtà náà di ọgbà tí ènìyàn lè wá wò, òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gba ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn kó máa gbálẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń lo ìgbálẹ̀. Kì í ṣe nítorí etí, torí etí ọkọ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa nígbà yẹn. Tí ènìyàn bá pariwo pé "ẹyẹ rèé", ẹyẹ á sá. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níwájú tó gbọ́ nǹkan á na ìgbálẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbé awò sójú.

"Nígbà yẹn, nínú ìgbà mẹ́wàá tí mo bá nà án, òun á ti gbọ́ ṣáájú mi nígbà mẹ́sàn-án," ló wí. "Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, 'Ìyàwó mi, ẹyẹ yẹn ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ, kó o tó gbọ́ ọ.' Mi ò mọ ìgbà tí ó yí padà."

Etí ọkọ rẹ̀ kò di pátápátá. Ó ń gbọ́ òòlù, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin, ó sì ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó bá dojú kọ ọ́ tó rí ẹnu rẹ̀. Àwọn ohùn tínrín ni kò wọlé mọ́. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún ìyàwó náà pé òòlù ló fà á, pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún ọkùnrin náà. Ohun tí òun rí ni pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ń wọ òun létí, tí ẹyẹ kò wọ òun létí mọ́. Ó wá gbà pé ẹyẹ ló dákẹ́.

"Ẹ ò ṣe sọ fún un?"

"Wàá sọ ọ́ báwo? Ohun tó sá tọ̀ nítorí òòlù, òòlù ti tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n sọ ìyẹn fún ènìyàn kí n tún wá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀?"

Ó dìde, ó di ògiri mú. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kì í kọjá ọ̀sán. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń fọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn àlejò, tó ń nu ọ́fíìsì, tó ń kó ìdọ̀tí. Ìrọ̀lẹ́ tó ń lò lórí afárá, kò sẹ́ni tó ní kó lò ó, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí," ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. "Ká sọ pé nítorí tèmi nìkan ni, ìwé géètì yẹn ì bá dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níwájú rẹ̀, ẹyẹ á máa ké, àlejò á máa bi í pé, 'Bàbá, kí ló ń ké yẹn?' Á sì máa wò wọ́n. Iwájú àlejò ló ti máa mọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ nìyẹn."

Ó ní bí mo bá kọ ọ́ kí ọkọ òun tó mọ̀, Ọlọ́run á bi mí léèrè. Mo pa á mọ́ títí tí àwọn méjèèjì fi gbà kí n kọ ọ́. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, olóòtú béèrè pé, "Ẹyẹ yadi àbí wọn ò yadi?"

"Wọn ò yadi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn." Ó fi ìbànújẹ́ pa àkọlé rẹ̀ rẹ́.

Mo wà ní ọ́fíìsì àbàtà náà ní ọjọ́ tí Ìyá Onígbálẹ̀ wá bẹ ọ̀gá. Mo ní mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa iye àlejò, wọ́n ní kí n jókòó. Ọ̀gá náà kò tíì pé ogójì ọdún, ó lọ́yàyà, kì í sì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ìyá bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ìwé géètì yẹn ni."

"Màmá! Ẹ̀yin gan-an ni mo rò kí n tó kọ ọ́."

"Mo dúpẹ́ mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣì máa gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ta ló ń fipá mú yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń fipá mú mi, mà."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, ẹ ń tiro. Àwọn àlejò sì ń ráhùn. Gbogbo fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n bá yà níbí, ẹ̀yìn yín ló wà níbẹ̀. Màmá, ẹ̀yìn yín ti dé òkè òkun, ẹ̀yin fúnra yín ò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú rí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀gá ló sọ ọ́.

"Ẹ lọ sinmi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run á bù kún yín, mà."

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń wọ bàtà rẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́," ló wí, "ó ní kí n lọ sinmi. Mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O rí ayé?"

Ó ní òun á sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún ọkọ òun lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Ó ní orí ń fọ́ ọkọ òun lọ́jọ́ náà, pé ó di ọjọ́ Àìkú. Mo lọ kí wọn nílé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, ní ẹ̀yìn ilé kan tí àyálégbé pọ̀ sí. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ń wo bọ́ọ̀lù, ohùn tẹlifíṣàn náà lè jí òkú. Aládùúgbò ń fi ọwọ́ lu ògiri láti òdìkejì. Bàbá ní, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó lọ́jọ́ Àìkú! Àwọn ènìyàn yìí ò nísinmi."

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ ọ, ó gbé e fún un. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni, aránṣọ ni ní ìlú mìíràn. "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ìwọ ọmọ yìí, gbé ohùn sókè! Nẹ́tíwọ̀kì yìí ti bàjẹ́ pátápátá. Gbà, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀."

Ìyá gbé fóònù jáde sí àgbàlá, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà. "Màámi, ẹ máa sọ fún bàámi, àbí kí èmi sọ ọ́?"

"Ìwọ á sọ ọ́ báwo? Lórí fóònù?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ìyá fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó wọlé lọ jókòó ti bọ́ọ̀lù tí kò yé e. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Àlejò kò pọ̀: tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré, àti ọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn tó ti padà wá. Ìyá Onígbálẹ̀ wà níwájú. Kò sí ewé púpọ̀ lórí pákó, ṣùgbọ́n ó ń gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo débi pé ó ń fi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá ju bó ṣe ń fi gbálẹ̀ lọ. Ó na ìgbálẹ̀ sí lékeléke tó ń padà bọ̀ wá sùn, ó nà án sí pẹ́pẹ́yẹ inú omi, ó nà án sí kékeré aláwọ̀ búlúù. Bàbá Ẹlẹ́yẹ kò pàdánù ọ̀kankan. Ó súfèé, ẹyẹ dáhùn, ó ní wọn ò dáhùn mọ́, ọkùnrin oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín.

A dé orí pèpéle bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Àwọn àdán ti ń jí. Ọ̀kan na apá, èkejì gbá a, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí ẹ̀ka, igbe wọn sì ń le sí i títí ó fi di pé ènìyàn kò lè gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn tó mú ni, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi irin ha irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbéra lápapọ̀, ojú ọ̀run sì ṣú fún wọn.

Ọmọbìnrin kékeré náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó fún ojú pọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kí ló dé, ìyá mi kékeré? Ẹ̀rù ń bà ọ́? Wọn kì í gé ènìyàn jẹ o."

Ọmọ náà mi orí pé rárá. Ó wo ojú rẹ̀, ó sọ ọ́ ketekete bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rò pé àgbàlagbà kò gbọ́: "Ariwo wọn ti pọ̀ jù!"

Bàbá Ẹlẹ́yẹ kò tíì nàró. Ó gbé ojú sókè wo àwọn àdán, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ó wo bàbá ọmọ náà, tó ń fi ẹnu sí ìyàwó rẹ̀ létí kí ìyẹn lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó wo ọkùnrin oníkámẹ́rà, tó ti fi ìka kan di etí kan. Ó wá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo pákó.

Ó dìde. Ó ṣí àkẹtẹ̀, ó tún un dé. "Àdán nìyẹn," ló sọ fún àwọn àlejò. "Èso ni wọ́n ń lọ jẹ. Ní ìdájí, gbogbo wọn á padà sórí igi tí wọ́n kúrò." Ó sọ gbogbo ohun tó máa ń sọ láìfo ọ̀kan, ó sìn wọ́n dé géètì, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ ọmọ náà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló padà sórí afárá. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá ìgbẹ́ àdán kúrò lórí pèpéle, èmi ń kó àwọn ohun èlò mi sínú báàgì.

"Gbé ìgbálẹ̀ wá," ló wí.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Mo ní kó o gbé e wá."

Ó gbà á. Ó lọ síwájú, ó ń gbálẹ̀, kò mọ̀ ọ́n gbá, ìdajì ìdọ̀tí náà ló ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìyá tẹ̀ lé e, ó di ọwọ́ afárá mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbé ẹrù. Èmi ni mo kẹ́yìn.

Ní àárín eèsún, Bàbá Ẹlẹ́yẹ dúró, ó yíjú padà, ó súfèé: lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú, lẹ́ẹ̀kẹta gígùn. Kò wo inú eèsún. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Ẹyẹ náà dáhùn, ó sún mọ́ wa gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ló kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tún ti ìgbálẹ̀ mọ́ pákó, ó sì béèrè láìbojú wẹ̀yìn:

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"